Ẹ Wá Ṣírò Owó Omi Lójú Wa: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ̀yin ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú làálàá. Yorùbá ni mo fi kọ ìwé yìí nítorí mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ ti fi èdè wa ṣe ìjókòó nínú ilé yín rí, ẹ̀yin náà lẹ sì ṣe òfin tó dáàbò bo èdè Yorùbá, èyí tí gómìnà ìgbà náà fọwọ́ sí lọ́dún 2018. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ èdè yìí kí n tó parí, nítorí ó kan ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ owó omi ni mo bá wá, àti ti owó tí wọ́n ń pè ní development: kí ẹ tó dá owó tuntun kankan lé wa, ẹ wá ṣírò rẹ̀ lójú wa.

Mo ní ìwé kékeré kan nílé ìdáná mi, ẹ̀gbẹ́ ike iyọ̀ ni mo máa ń fi sí. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń kọ iye tí à ń ná lórí omi sínú rẹ̀. Ládùúgbò wa n'Íkòròdú, 150 náírà ni mèrúwà ń ta kẹ́ẹ̀gì onílítà 25. Mẹ́rin là ń rà lójúmọ́, fún oúnjẹ, fún ìwẹ̀ àti fún aṣọ iléèwé àwọn ọmọ. 600 náírà nìyẹn lóòjọ́, 18,000 lóṣù. Píọ̀ wọ́tà tí à ń mu, báàgì méjìlá lóṣù, 400 náírà ni báàgì kan, ó di 4,800. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 22,800 náírà lóṣù fún ilé èèyàn márùn-ún. Owó oṣù tó kéré jù tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní 2024 ni 85,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn, tó sì ń ra omi bí tiwa, ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀ lọ ló ń bá kẹ́ẹ̀gì lọ.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Alágbàlá ńlá kan wà ní títì kejì sí wa tó ní táǹkì abẹ́ ilẹ̀. Tánkà omi ló ń bá a gbé tirẹ̀ wá, lítà 10,000, ó sì sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé 25,000 náírà lòun ń san. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Lítà 1,000 ń bọ́ sí 2,500 náírà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́wọ́ èmi tí mò ń ra kẹ́ẹ̀gì, lítà 1,000 náà jẹ́ kẹ́ẹ̀gì 40, owó rẹ̀ sì jẹ́ 6,000 náírà. Tí ẹ bá wá ka ti píọ̀ wọ́tà, tí báàgì kan jẹ́ lítà mẹ́wàá, lítà 1,000 rẹ̀ á tó 40,000 náírà. Ìyá arúgbó tó ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ọjà, tí kò ní ibi tó máa gbé dúrọ́ọ̀mù sí, òun ló ń ra omi tó wọ́n jù l'Ékòó. Mi ò bínú sí mèrúwà o. Ọmọkùnrin tó ń tì kẹ̀kẹ́ kẹ́ẹ̀gì méjìlá gun òkè títì wa láàárọ̀ ń jẹun òógùn ojú rẹ̀. Òun nìkan ló kúkú ń wá sọ́dọ̀ wa.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé ará Èkó kì í fẹ́ sanwó omi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà á. À ń san án lójoojúmọ́, lówó lọ́wọ́, kí omi tó kúrò lórí kẹ̀kẹ́. Ohun tí ara wa kọ̀ ni kí wọ́n jókòó síbì kan tí a ò sí, kí wọ́n dá iye kan, kí wọ́n wá fi há wa lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ju gbogbo wa lọ. Lọ́dún 1908, Gómìnà Walter Egerton fẹ́ kí ará Èkó máa san owó orí omi fún omi ẹ̀rọ tí ìjọba gẹ̀ẹ́sì ń múra láti fà wọ ìlú láti Ìjù. Ìlú kọ̀. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n ń wí ò le láti yé: kànga wà nínú agbo ilé wa, àwọn òyìnbó ni ẹ̀rọ yìí máa kọ́kọ́ tu lára, ẹ ò bi wá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá fẹ́ ká sanwó rẹ̀. Wọ́n fà á títí. Lọ́dún 1916 ni ìjọba wá fi owó náà múlẹ̀, ìjà rẹ̀ sì wọ ààfin, torí Ọba Èṣùgbàyí Elékòó dúró ti àwọn èèyàn rẹ̀. Mo máa ń rántí Dókítà Randle tí mo bá gba Oníkan kọjá. Ọkùnrin tó ko ìjọba lójú lórí owó omi yìí kan náà ló fi owó ara rẹ̀ ṣe odò ìlúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀ lọ́dún 1928, kí àwọn ọmọ Èkó lè kọ́ bí a ṣe ń wẹ̀ lódò kí omi má bàa máa gbé wọn lọ. Kì í ṣe ahun, kò sì kórìíra omi ẹ̀rọ. Ìfi-orí-olórí-fọ́-àgbọn ni kò gbà.

Ó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn, a ṣì ń gbọ́ ohùn kan náà. Ní 2017, òfin àyíká mú ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ wọ bọ́hóòlù gbígbẹ́ àti omi títà, ariwo sì ta láti Àjégúnlẹ̀ dé Àgége. Ní 2018, owó Land Use Charge, èyí tí onílé ń san fún ìjọba lórí ilé àti ilẹ̀ rẹ̀, fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn agbẹjọ́rò jáde sí títì n'Íkẹjà, ìjọba sì padà gé owó náà kù. Nígbà méjèèjì, ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn nínú mọ́tò àti lọ́jà ni: ta ló bi wá?

Mo mọ̀ pé omi ò lè jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá. Omi òjò ni Ọlọ́run fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, omi ẹ̀rọ ní iṣẹ́ nínú. Odò Ògùn, odò Yemọja tó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣàn bọ̀, tó gba Abẹ́òkúta kọjá, ni wọ́n ń fà sí ilé iṣẹ́ omi Ìjù àti Adìyàn. Ó ń gba iná láti fà á, ó ń gba álọ́ọ̀mù láti mú kí ẹrẹ̀ rẹ̀ rò sísàlẹ̀, ó ń gba klọríìnì, ó ń gba páìpù àti owó oṣù àwọn tó ń wọ kòtò láago méjì òru láti dí ibi tó bẹ́. Gbèsè tí ìpínlẹ̀ jẹ láti kọ́ ilé iṣẹ́ omi náà wà ńbẹ̀. Ìjù lè ṣe gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 45 lójúmọ́, Adìyàn lè ṣe 70, bí iná bá wà, bí gbogbo ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Adìyàn kejì, tó yẹ kó ṣe 70 míì, ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Gbogbo èyí ló yẹ kó wà nínú owó tí ẹ máa ní ká san. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síta. Èló ni iná? Èló ni álọ́ọ̀mù? Nínú gálọ́ọ̀nù ọgọ́rùn-ún tó kúrò ní Adìyàn, mélòó ló dé ẹnu ẹ̀rọ, mélòó ló bá páìpù tó ti jẹrà lọ? Tí ọgbọ̀n bá ṣófò lójú ọ̀nà, èmi tí omi ò dé ọ̀dọ̀ mi kọ́ ló yẹ kó san owó ọgbọ̀n náà.

Ìlú kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ wo, Phnom Penh, olú ìlú Cambodia. Ìjà abẹ́lé ti ba ibẹ̀ jẹ́ ju bí nǹkan ṣe bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa. Lọ́dún 1993, nígbà tí Ek Sonn Chan gba iṣẹ́ omi ìlú náà, nínú omi 100 tó ń jáde, 72 ló ń ṣòfò. Òmíràn ń jò, òmíràn wọ́n ń jí i fà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà sì wà lára àwọn tó ń tà á lábẹ́lẹ̀. Ọkùnrin yìí fi mítà sí ẹnu ilé gbogbo, ó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn alágbára. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn pé òun lọ fi mítà sílé ọ̀gágun kan, ọ̀gágun náà yọ ìbọn sí òun. Ó padà lọ mú àwọn ọlọ́pàá ológun wá, ó gé omi ilé náà, títí tí ọ̀gágun fi sanwó. Wọ́n fi kún owó omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí owó ṣe ń gòkè ni omi ń dé. Ilé tálákà tí wọ́n fẹ́ fa páìpù sí, wọ́n ń bá wọn san lára owó ìfàmọ́ra rẹ̀, àwọn mìíràn kò san kọ́bọ̀. Nígbà tó yá, omi tó ń ṣòfò kò ju bí 6 nínú 100 lọ mọ́, omi sì ń yọ tọ̀sán tòru. Wọ́n fún Ek Sonn Chan ní ẹ̀bùn Ramon Magsaysay, ẹ̀bùn ńlá kan nílẹ̀ Éṣíà, lọ́dún 2006.

Ohun tó jẹ mí lógún nínú ìtàn yẹn ni ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gágun, ó fi mèkúnnù kẹ́yìn. Níbí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé sẹkitéríàtì, ilé ìjọba àti ilé àwọn ọlọ́lá ni mítà á kọ́kọ́ wọ̀, kí a rí bíìlì wọn, kí a rí i pé wọ́n san. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn wa.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi bíìlì ìdíwọ̀n, tí wọ́n kàn fojú wọ̀n, lé ilé tí ẹ̀rọ rẹ̀ gbẹ. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iná ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí owó iná Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná jù lọ fún, di 225 náírà lórí yúnìtì kan. Ó dun gbogbo wa, ó ṣì ń dùn wá. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wákàtí 20 ó kéré tán ni iná gbọ́dọ̀ wà lójúmọ́, tí kò bá sí, ẹnu wa gbà á láti béèrè. Tí omi ni, kí ni wọ́n kọ? Ẹ kọ ọ́ sórí bíìlì: ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀, wákàtí mélòó lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ tí kò bá yọ, kí owó ọ̀sẹ̀ náà kúrò.

Nílẹ̀ South Africa, lọ́dún 2001 ni ìjọba wọn fọwọ́ sí i pé kí ilé kọ̀ọ̀kan rí lítà 6,000 gbà lóṣù lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlú Durban ti ń ṣe é ṣáájú. Ẹni tó bá lò jù bẹ́ẹ̀ lọ á sanwó, ẹni tó ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìnkùlé á san púpọ̀. Tí Èkó kò bá tíì lè ṣe ọ̀fẹ́, ẹ jẹ́ kí ìpín àkọ́kọ́ yẹn pọ́ọ́kú. Níbi tí páìpù ò tíì dé, ẹ gbé ẹ̀rọ sí ìta, kí owó kẹ́ẹ̀gì kan níbẹ̀ má ju ohun tí onílé Ìkòyí ń san lórí iye omi kan náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí owó kejì, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní owó development.

Lọ́dún 2019, èmi àti ọkọ mi ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni kan tó ń gé ilẹ̀ tà. Lẹ́yìn owó ilẹ̀, wọ́n ní ká mú 800,000 náírà wá fún development. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ọmọbìnrin tó jókòó sí kọ́ńtà kà á sí mi létí: títì, gọ́tà, iná, omi. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó lu òǹtẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì la san án, owó àjọ mi wà nínú ti ìkejì. Wọ́n da òkúta díẹ̀ sójú títì. Wọ́n gbé táǹkì dúdú kan sórí irin gíga ní ẹnu géètì. Páìpù kan ṣoṣo kò ti ibẹ̀ wọ ilé ẹnikẹ́ni títí di òní. Ẹyẹ ló ń sùn lórí táǹkì náà. Nígbà tí a kó ara wa jọ lọ bá wọn, wọ́n ní gbogbo nǹkan ti wọ́n, ká tún lọ dá òmíràn wá.

Ilé 13 ló wà níbẹ̀ báyìí, bọ́hóòlù 11. A ná 1,100,000 náírà sórí tiwa. Omi rẹ̀ á jáde mọ́ gaara, tí ẹ bá gbé e kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á pọ́n bí ìpẹtà. Irin ló pọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Aṣọ funfun tí mo fi fọ̀ kò padà funfun mọ́ láéláé. Ilẹ̀ la fi ń fọ̀, òun la fi ń ṣan ilé ìgbẹ́. Ìdí rèé tí onílé tó ní bọ́hóòlù fi ń dúró de mèrúwà láàárọ̀. Ẹ̀rù míì tún ń bà mí: láàárín bọ́hóòlù aládùúgbò wa kan àti sokàwéè ilé kejì, ìṣísẹ̀ mi ò tó ogún. Lágbègbè Lẹ́kí, iyọ̀ ni wọ́n ń bá nínú tiwọn. Báwa náà ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ kiri nìyí, oníkálukú pẹ̀lú pọ́ǹpù tirẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Owó tí ilé 11 fi gbẹ́ kòtò 11, tí a bá kó o pọ̀, ó ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ, ẹ rò ó wò bóyá kò ní í ra páìpù.

Owó tó ń wọ àpò ìjọba nígbà tí èèyàn bá fẹ́ kọ́lé náà wà. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé á sanwó pláànù, á san owó ìwé àṣẹ. Ilé ìtura gíga tó fẹ́ gbé yàrá 100 ró síbi tí bọ́ńgálò kan wà tẹ́lẹ̀ á mu omi ju gbogbo títì náà lọ. Ó tọ́ kí ó san lára páìpù tó máa gbé omi yẹn wá, dípò kí àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún máa rí i pé ẹ̀rọ àwọn ń ṣe kíńkín. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ibi tí owó náà ń wọ̀ ni mò ń béèrè.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tó pọ̀ ní Houston. Ní Texas tí wọ́n ń gbé, òfin ti wà láti 1987 lórí irú owó yìí. Ìlú tó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìwé ètò iṣẹ́ tó máa fi ṣe, páìpù wo, ẹ̀rọ wo, fún ilé mélòó. Ó gbọ́dọ̀ pe ìpàdé ìta gbangba. Owó náà gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì ọ̀tọ̀, kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ owó oṣù òṣìṣẹ́ tàbí owó mọ́tò ọ̀gá. Tí ọdún mẹ́wàá bá kọjá tí wọn ò fi ṣe ohun tí wọ́n gbà á fún, ẹni tó ni ilé náà lè béèrè rẹ̀ padà. Tí irú òfin yìí bá wà l'Ékòó, tó sì mú àwọn tó ń gé ilẹ̀ tà pẹ̀lú, màá ti mú rìsíìtì 800,000 mi lọ síbì kan, wọ́n á sì ti dá mi lóhùn. Ẹ̀yin lẹ lè ṣe é. Iṣẹ́ yín gan-an nìyẹn.

Mo ní màá padà sórí èdè. Ìpínlẹ̀ wa ní ìjọba ìbílẹ̀ 20 àti káńsù ìdàgbàsókè 37. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí owó omi tuntun tàbí owó development tuntun, kí ìpàdé wáyé nínú káńsù 57 náà. Kí wọ́n fi Yorùbá ṣe é, kí ti Badagry sì jẹ́ Ègùn pẹ̀lú. Kí wọ́n lẹ ìṣirò owó náà mọ́ ara ògiri ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, kí a ti kà á, kí ìyálọ́jà ti pè wá jọ lé e lórí. Kí ó jẹ́ ọjọ́ Sátidé, nítorí lọ́jọ́ iṣẹ́, àwọn tó ń ra kẹ́ẹ̀gì ò ní ráàyè wá, àwọn tó ní táǹkì nìkan lẹ máa bá níbẹ̀. Àjọ tí ìpínlẹ̀ yàn láti máa bójú tó iye owó omi, LASWARCO, kí aṣojú rẹ̀ jókòó níwájú, kí ó dáhùn ìbéèrè, kí ẹnì kan kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí ó tẹ̀ yín lọ́wọ́ kí ẹ tó dìbò.

Tí ẹ bá ti mú ọjọ́ fún ti Ìkòròdú, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu géètì káńsù. Èmi àti àwọn onílé 12 yòókù á wá. Ìwé kékeré inú ilé ìdáná mi á wà lọ́wọ́ mi, rìsíìtì ọdún 2019 á wà nínú rẹ̀. Màá sì gbé ìgò méjì wá fún yín láti wò, ọ̀kan omi bọ́hóòlù tí mo bu láàárọ̀ ọjọ́ náà, èkejì omi tí mo bu lálẹ́ àná rẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan, n'Íkòròdú